Ẹkún Àwẹ̀ró Nínú Ẹ̀rọ Ìṣirò

Abúlé Àgọ́-Ọ̀dán,
Ẹ̀bá Ìsẹ́yìn.

Gbénró ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kúnbi ìyàwó wa, mo kí ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Bridget, tó ti Gbàgádà wá bá yín wẹ ọmọ, mo sì kí ọmọ náà fúnra rẹ̀, Tiwalọlá, ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọlọ́run tó fún ọ ní ibùgbé ní Kétu kò ní jẹ́ kí Kétu lé ọ. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ níbẹ̀ á mọ ẹsẹ̀ yín, iná ìjọba á máa rántí òpópónà yín, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wá fún ọ á fi ẹ̀rín gbé e lọ, á sì sanwó kó tó gbé e. Àmín. Ìyá rẹ ní òun náà ṣe àmín. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń yọjú wo ìwé bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n kà. Bí o bá rí i tí ọwọ́ ìwé mi yí padà tó bá dé àárín, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, má ṣe rò pé ara mi kò yá. Màá sọ ìdí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.

Ilé dára. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, iṣu tuntun ti jáde, ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ ti bímọ, akọ kan, abo kan. Páànù tó wà lórí yàrá tí o máa ń sùn tẹ́lẹ̀ ti ń jò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́, òjò nìkan ló kù tó ń sùn níbẹ̀. Orókún mi tó dá mi dúró lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ti san pátápátá, mo ti ń rìn dé oko, mo sì ń rìn bọ̀. Jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ orókún yìí sọ́kàn, pé ó ti san.

Ní ti tẹlifóònù tí o rà fún mi, o ti gbọ́ pé ó kó sínú ìkòkò epo pupa. Sàká, aládùúgbò wa tó ń fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣáàjì fóònù fún gbogbo abúlé, ní kí n tì í bọ inú ìrẹsì gbígbẹ kí ìrẹsì lè fa epo náà mu. A tì í bọ inú ìrẹsì. Ìrẹsì fa epo náà mu lóòótọ́, ìyá rẹ sè é, a jẹ ẹ́, ó dùn, ṣùgbọ́n fóònù kò sọ̀rọ̀ títí di òní. Sàká ní kí n máa wá lo tirẹ̀, mo kọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń jókòó sí, ẹnu fóònù rẹ̀ sì gbòòrò, ohun tí o bá sọ ní Kétu, ẹni tó ń pọnmi lódò á gbọ́ ọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lò ó ni o sọ fún mi pé ìyá Kúnbi ní kí ọ̀rọ̀ oríkì ṣì dúró ná, pé orúkọ tí ọmọ náà ní ti pọ̀ tó. Gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ. Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wo ilẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí ó ṣe rí nílé wa. Ọmọ kì í ní oríkì àfi kí bàbá bàbá rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, kó pè é sí i létí, kí ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Báyìí ni bàbá mi ṣe pè ọ́ ní Àkànjí, bí o bá ń ké nígbà náà tí kò sí ẹni tó lè dá ọ lẹ́kun, wọ́n á ní Àkànjí, wàá sì dákẹ́, wàá máa wò kiri bí ẹni tí wọ́n dá lọ́lá. Àwẹ̀ró ni mo ti pèsè sílẹ̀ fún tìrẹ yìí, oríkì ìyá mi ni. Mo fẹ́ gbé e wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orókún kò jẹ́. O ní kí n jẹ́ kí òjò dá, òjò dá. O ní kí n jẹ́ kí ẹ kó lọ sí yàrá tó tóbi díẹ̀ ná. Rùfáì awakọ̀, tó ń kó iṣu wa lọ sí Mile 12, ti sọ fún mi bí yàrá yín ṣe rí, ó ní bí ilẹ̀kùn bá fẹ́ ṣí, ibùsùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún kúrò lọ́nà. Ta ló bi ọ́ léèrè yàrá? Èyí tó kéré jù yẹn lọ la bí ọ sí, o sì fẹ̀ nínú rẹ̀. Gbénró, ó ń dùn mí, n kò ní fi bò. Ọmọ mi bímọ, n kò tíì gbé e rí.

Bí ó ṣe ń dùn mí lọ́wọ́ ni Rùfáì gbé àpò ọ̀rá kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní ìwọ lo fi rán òun. Mo tú u, mo bá nǹkan dúdú kan nínú rẹ̀, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, bọ́tìnì kún ìdajì ojú rẹ̀, gíláàsì kékeré kan wà lókè. Mo ní ẹ̀rọ ìṣirò nìyí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó ní báńkì, àfi pé èyí jẹun ju tiwọn lọ. Ìyá rẹ ní bóyá o fẹ́ kí á máa fi ṣírò iye ìgbà tí o ti ní ẹ ń bọ̀ wálé. Ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Mo ka ìwé tí o fi sínú rẹ̀. O ní ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gíga ni, pé ó mọ ìṣirò, ó sì mọ àwòrán ìlà yà, pé ẹni tó ni ín gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìkòsí, kò padà wá mú un, o tún un ṣe. O ní o gba ẹkún Tiwalọlá sílẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n pé ohùn orí fóònù tóbi jù fún inú ẹ̀rọ yìí, kò lè wọlé, o wá gbé ohùn náà lọ sórí kọ̀ǹpútà, o yí i padà, o gé e, o tún gé e, títí tó fi wọ̀ ọ́. O ní kí n ti okùn etí bọ ìdí rẹ̀, kí n tẹ bọ́tìnì báyìí báyìí, pé màá gbọ́ ọmọ mi, kí n fi ìyẹn mú sùúrù títí ẹ ó fi rí ààyè.

Mo dúpẹ́, ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígé yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ta ló ní kí o gé ohùn ọmọ? Ìwọ́ nìkan la mọ̀ pé wọ́n ń gé lára ọmọ tuntun, bí wọ́n bá sì gé e tán, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni, wọn kì í sọ ọ́ nù. Èyí tí o gé kúrò lára ẹkún náà ńkọ́, níbo lo kó o sí? Má jẹ́ kí wọ́n gbá a mọ́ pàǹtírí lọ. Bí ó bá ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà, ṣà á jọ, dì í sínú nǹkan tó mọ́, kí o wá igi eléso kan ní Ìkòsí kí o sin ín sí ìdí rẹ̀, kí ọmọ má bàa dàgbà tán kó máa wá ìyókù ohùn rẹ̀ kiri. Bí onílé bá bi ọ́ pé kí lò ń gbẹ́ ilẹ̀ fún, sọ òótọ́ fún un, òun náà bímọ.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà fún mi. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ó kọ òyìnbó síta, Sàká kà á, ó ní ó sọ pé mo ṣe àṣìṣe. Kò kí mi, kò ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé mo ṣe àṣìṣe, lójú àwọn ènìyàn, nínú ilé mi. Mo fi í sílẹ̀ kí ìbínú mi rọ̀. Nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ ọ́, mo ti ẹnu okùn kan bọ etí mi, ìyá rẹ ti ìkejì bọ tirẹ̀, a fi orí kan orí bí ọmọ ẹyẹlé méjì.

Ó dún. Ó hán, ó ń ta pàrà pàrà bí àgbàdo orí iná, ṣùgbọ́n ní abẹ́ gbogbo ariwo yẹn, ọmọ ni, ọmọ ń ké. Gbénró, ara mi bù máṣọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, n kò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga. N kò sì mọ ìgbà tí ẹnu mi là, mo ní Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró ọmọ Oyèwùmí, Àwẹ̀ró tí ń fi omi òwúrọ̀ bọ́jú kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jí, jọ̀wọ́ má sunkún mọ́, bàbá rẹ àgbà ti dé.

Ọmọ náà dákẹ́. Bí mo ṣe ń wí fún ọ yìí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo tún tẹ bọ́tìnì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún, mo tún kì í, ó tún dákẹ́. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, ẹ̀jẹ̀ mọ ẹ̀jẹ̀, ó wà ní Kétu ó mọ ohùn mi. Láti ọjọ́ náà, kí n tó jáde lọ sóko láàárọ̀, màá kọ́kọ́ tẹ ọmọ mi, màá kì í, yóò dákẹ́, inú mi á sì dùn títí oòrùn á fi wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún Kúnbi, ṣùgbọ́n kí o rọra sọ ọ́, ìyàwó dáadáa ni, n kò fẹ́ kó rò pé a ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tí mo bá yọjú sí ọmọ yìí, ẹkún ló ń sun? Mo yọjú láàárọ̀, ẹkún. Mo yọjú lọ́sàn-án, ẹkún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọjú lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí wọ́n á ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún náà ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ọmú kò yó o ni? Ìyá rẹ ní kí Kúnbi máa mu ògì gbígbóná dáadáa, kó má fi ti pé òun fẹ́ ṣe bí òyìnbó. Ohùn tó ń hán yẹn náà, ọ̀fìnkìn ni, ìyá rẹ dá a mọ̀ kíákíá, ó ní atẹ́gùn Èkó ló wọ̀ ọ́ láyà. A ti di òrí sínú ewé fún yín, kí ẹ máa fi pa á láyà àti lẹ́yìn bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán. Kí tiyín tó dé, mo ti ń fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ní alaalẹ́. Ó jọ pé ó ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Fàsásì ọ̀rẹ́ mi ṣí fìlà, ó ti okùn bọ etí, ó fetí sí ẹkún náà dáadáa, ó wá ní kí Tiwalọlá jọ̀wọ́ bá òun wo Muideen ọmọ òun ní Anthony, ṣebí Èkó kan náà ni, kó ní bàbá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Mo ní ọmọ náà kò tíì lè rìn. Fàsásì ní kò burú, nígbà tó bá rìn ni kó jíṣẹ́. Lọ́jọ́ kan wàyí, ìka Sàká ṣèèṣì tẹ ibi kan, ìlà kan yọ lójú gíláàsì, ó gòkè, ó yọ gongo síwájú díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ pariwo pé àwòrán ọmọ náà nìyẹn, pé iwájú orí rẹ̀ nìyí, imú rẹ̀ nìyí. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Imú ilé wa ni, imú ìyá mi gan-an. Kò sí ti Gbàgádà nínú rẹ̀ rárá, Ọlọ́run ṣeun. Bí o bá ń ka lẹ́tà yìí sókè, fo ibí yìí.

Inú Sàká kò dùn pé gbogbo ènìyàn ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n kó wá síwájú ilé mi. Òun ló wá sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé kì í ṣe ọmọ ló wà nínú ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà ni, pé o ti sọ gbogbo ẹkún ọmọ yẹn di ení àti òdo, ení àti òdo, títí lọ, àti pé ẹ̀rọ ń kà á síta fún mi ni. Mo bínú gidi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí á má tíì wá sọ pé kí á ka ẹkún rẹ̀. Mo bi Sàká pé èló ni wọ́n kà á sí. Ó ní ó pọ̀, pé bí ènìyàn bá jókòó tì í láti òwúrọ̀, kò lè kà á tán. Ìyẹn ló rọ̀ mí lọ́kàn. Ohun tí ènìyàn ò lè kà tán, a kò tíì kà á nìyẹn. Mo sì fi Sàká sílẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Báyìí la ṣe wà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo fi pákò sẹ́nu. Ìka mi ti tẹ bọ́tìnì kí n tó rántí pé ẹnu mi kò ṣófo. Ẹkún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kì í, pákò kò jẹ́, itọ́ ti kún ẹnu mi, mo ń wá ibi tí màá tu ú sí. Kí n tó tu ú tán, ọmọ ti dákẹ́. Ibi tó máa ń dákẹ́ sí náà ló dákẹ́ sí, n kò sì tíì sọ nǹkankan. Mo ní bóyá ó ti gbọ́ mi lọ́kàn ni. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo pa ẹnu mọ́, mo sì lé e kúrò lọ́kàn mi pẹ̀lú, mo ń ro ebè iṣu. Ó ké, ó ké, ó dákẹ́ níbẹ̀ náà. Mo ní kí Fàsásì fi oríkì ọkùnrin pè é, ó pè é ní Àkàngbé, ọmọ dákẹ́. Ìyá rẹ kì ewúrẹ́ rẹ̀, ọmọ dákẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ bá wọn rín in, ẹ̀rín kò jáde.

Ojú tì mí, Gbénró, ṣùgbọ́n dídùn tó dùn mí ju ojú tó tì mí lọ. Gbogbo àárọ̀ tí mo rò pé mò ń dá ọmọ yẹn lẹ́kun, n kò dá a lẹ́kun. Ibi tí o gé e dé ló ń dákẹ́ sí. Àwẹ̀ró kò tíì gbọ́ Àwẹ̀ró rí láyé rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, n kò lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ kò fi mí ṣẹ̀sín, èyí tó sì dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá Gbénró, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ kò létí. Kétu ni èyí tó létí wà.”

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ń pa òwe yìí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò sì ronú sí i rí, àfi lọ́jọ́ náà ni mo wá rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí àgbà náà kọ́kọ́ dé ọjà. Mile 12 kì í sì í ṣe ọjà kékeré.

Ìyá rẹ ní kí á gbéra lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá o, a kì í já wọ inú ilé tí àna ẹni wà láìránṣẹ́ síwájú, Ìyáàfin Bridget á ní ará oko ni wá, á sì jàre. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ ránṣẹ́? Fóònù mi ti yó fún epo, ti Sàká kò ní àṣírí. Mo ní lẹ́tà ni màá kọ, kí ó ṣíwájú, kí àwa tẹ̀lé e. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló máa mú lẹ́tà náà lọ. Mo ní Rùfáì. Ó ní ìgbà wo ni Rùfáì ń lọ. Mo ní lọ́la. Ó ní ìgbà wo làwa ń lọ. Mo ní lọ́la náà ni.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìwé mi fi ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n láti ibi ọ̀rọ̀ ìwọ́ ọmọ yẹn ni Rùfáì ti fun fèrè, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ìyókù, àpò iṣu ni àga mi, orókún mi tó ti san ni tábìlì. Níbi tí o ti rí i tí bírò fà gbọọrọ kọjá etí ìwé, kòtò la kó sí níbẹ̀, kì í ṣe pé mo fagi lé nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ mi.

Má bẹ̀rù, má sì jẹ́ kí ìyá Kúnbi bẹ̀rù, a kò wá láìránṣẹ́. Lẹ́tà yìí ni a rán ṣíwájú, yóò sì ṣíwájú wa wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ju ìbú ilẹ̀kùn lọ. A ti já iṣu sílẹ̀ ní Mile 12, Rùfáì sì ti gbé wa dé Ìkòsí. Mo ń béèrè Gbénró tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ní Gbénró wo, gbogbo ènìyàn ló ń tún nǹkan ṣe níbí. Ìgbà tí mo yọ ẹ̀rọ ìṣirò náà jáde tí mo jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ẹkún inú rẹ̀ ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó wà, pé gbogbo àdúgbò ló mọ ẹkún yẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń to ọ̀pẹ̀ òyìnbó pè mí ní Daddy, ó pe ìyá rẹ ní Mummy, a kò sì mọ̀ ọ́n rí, ó fi ọjà sílẹ̀, ó mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ó ní kí Daddy kàn knock ni. Mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kò yé e, àwọn ọmọ Èkó kò mọ̀ pé nǹkan ní ètò.

Lẹ́tà bàbá sí ọmọ kì í parí láìmẹ́nu ba owó, bí n kò bá béèrè, wàá ní kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti fẹ́ béèrè owó òkúta bátìrì ẹ̀rọ náà, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n n kò nílò rẹ̀ mọ́. Owó páànù, jẹ́ kó dúró, òjò náà nílò ibi tí yóò sùn. Owó ọkọ̀ nìkan ló kù. Rùfáì ní òun kò lè gba owó lọ́wọ́ àgbàlagbà, pé ọmọ rẹ̀ ni òun á gbà á lọ́wọ́, ó sì dúró sẹ́yìn mi báyìí, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lu itan. Ìyá rẹ ní kí o fi owó ata kún un, pé òun fẹ́ se ọbẹ̀ fún Kúnbi. Iṣu tó tóbi jù nínú àpò yìí, ti Ìyáàfin Bridget ni, kí á jọ jẹ ẹ́ ná, kí á tó dá ọ̀rọ̀ oríkì sílẹ̀.

Ọwọ́ rẹ tó ń tún nǹkan oní-nǹkan ṣe, tìrẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kúnbi kò ní fi ọwọ́ òsì tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀. Tiwalọlá á dàgbà lójú gbogbo wa. Yàrá yín á fẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó fẹ̀, á gbà wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèwùmí.

Mo ti fọwọ́ sí i, mo ti ká a, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tì í sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ni mo tún ṣí i. Ọmọ kan ń ké nínú ilé. Ohùn rẹ̀ kò hán rárá. Ìyá rẹ ti di apá mi mú, kò jẹ́ kí n kọ̀wé dáadáa. Mo ní kó dákẹ́, kí á dúró kí ọmọ dé ibi tó máa ń dákẹ́ sí. Ó ti dé ibẹ̀. Ó ti kọjá ibẹ̀, ó ṣì ń ké lọ, odindi ẹkún, ẹnikẹ́ni kò gé nǹkankan kúrò nínú rẹ̀.

Gbénró, ṣílẹ̀kùn. Kò tíì sẹ́ni tó pè é ní Àwẹ̀ró.